Ọwọ́ Òsì Asiya

Ìjì oníyanrìn jà ní Jẹ́dà lọ́jọ́ tí Jàmíìlàt kọ́kọ́ rí Nojeem. Nígbà tó rọlẹ̀, kò sí mọ́tò kan ní àdúgbò Al-Baghdadiyah tí eruku kò bò bí ẹni da ìyẹ̀fun lé e lórí. Ọjà ni Jàmíìlàt ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, bó ti ń jókòó ló ń dìde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dúró.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń fi ìka kọ nǹkan sára mọ́tò funfun kan. Ó ya ilé, ó ya ẹja, ó wá kọ lẹ́tà kéwú, álífù àti báù, sísàlẹ̀ wọn.

“Asiya, ta ló ní kí o fọwọ́ kan mọ́tò?” Ọkùnrin gíga kan ti ilé jáde, korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti rí Jàmíìlàt, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú, àǹtí. Mọ́tò tí mo fi ń gbé àwọn tó wá ṣe Ùmúrà lọ sí Mẹ́kà ni.”

“Ọmọ yín mọ̀wé kọ,” Jàmíìlàt wí.

“Ọmọ yìí? Tíṣà mẹ́ta ló ti rẹ̀ lórí rẹ̀. Tó bá ti rí pẹ́ńsù, ẹkún ni.”

“Kí wá lèyí tó kọ sára mọ́tò?”

“Eré ni.”

“Ẹ má tíì fọ eré náà kúrò.”

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo korobá, ó sì gbé omi padà wọlé. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín.

Ìyá Asiya ti kú, Nojeem nìkan ló ń tọ́ ọmọ náà. Jàmíìlàt sì ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá níwèé àti kéwú ní pálọ̀ Àǹtí Jelilat, àbúrò ìyá rẹ̀ tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Nojeem mú ọmọ wá.

“Ma abgha,” ni Asiya wí lọ́jọ́ kìíní, lédè Lárúbáwá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Òun ò fẹ́. Jàmíìlàt kò bá a jà. Ó da ìyẹ̀fun sínú tíréè, ó ní kó ya ohun tó bá ń wù ú jẹ síbẹ̀. Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wò ó, kó tó na ọwọ́ òsì jáde.

“Kí lò ń wò?” Jàmíìlàt bi í.

“Màámá Mẹ́kà, ìyá bàbá mi, máa ń fi gèlè di ọwọ́ yìí.”

“A kì í di ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbí,” Jàmíìlàt wí. Nígbà tó yá, ó fi pẹ́ńsù sí ọwọ́ òsì náà. Asiya kò sunkún. Ó kọ̀wé.

Nojeem ò fọ mọ́tò mọ́ àfi tí iṣẹ́ bá dé. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Ṣé omi ti wọ́n ní Jẹ́dà ni?” Yóò ní, “Ìwé ọmọ mi ló wà lára rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ààyò mi, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́, àfi tí mo bá dé ibí.”

“Tèmi ò balẹ̀ rí tẹ́lẹ̀,” Jàmíìlàt dáhùn. “Ẹ tún wá dá kún un.”

Àǹtí Jelilat gbọ́ láti ilé ìdáná. “Bàbá Asiya, ẹ lọ sọ fún ìyá yín kí ẹnu ayé tó bá wa sọ fún wọn.”

Ni Nojeem, Jàmíìlàt àti Asiya bá lọ sí Mẹ́kà. Àlàájà Hàmídàt, ìyá Nojeem, ń dáná fún àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Ash-Shubaikah. Ó fi omi sámúsámù àti dàbínù gbà wọ́n, ó ń ṣàdúrà fún wọn. Inú Asiya dùn ju bó ti yẹ lọ. Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ ìyá àgbà.

Àdúrà dúró lẹ́nu Àlàájà.

“Ta ló tú ọwọ́ yẹn?”

Jàmíìlàt kúnlẹ̀. “Èmi ni, màámi.”

“A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun lo wá ń fi kọ́ ọmọ mi ní kéwú. O ò lè jẹ́ ìyàwó nílé mi.”

Jàmíìlàt wo Nojeem. Nojeem ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Lójú ọ̀nà ni Jàmíìlàt tó sọ̀rọ̀. “Ẹ ò wí nǹkan kan.”

“Ìyá mi ni. Mi ò já wọn níyàn rí.”

“Ẹ má já wọn níyàn tìtorí tèmi. Ọwọ́ ọmọ yín ni wọ́n tún fẹ́ dì.” Nígbà tí wọ́n dé Al-Baghdadiyah, ó sọ̀ kalẹ̀, kò kí i pé ó dàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀. Yóò gbá pálọ̀ tó ti gbá, yóò lọ sí fèrèsé, yóò padà. Asiya kò wá. Ìbẹ̀rù tó ń bá a jà ju ti ọkọ lọ: bóyá gèlè ti padà sí ọwọ́ ọmọ yẹn.

“Jókòó,” Àǹtí Jelilat wí. “O ti fẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi gbó.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àlàájà Hàmídàt ni, òun nìkan. Àlùbọ́sà ni Jàmíìlàt ń gé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. Àlàájà kò jókòó. Ó tẹjú mọ́ àlùbọ́sà náà.

“Ṣé báyìí lo ṣe ń gé e? Gbé e wá.”

Ó gba ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ń dún lórí pákó bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú.

“O ń wò mí,” ni Àlàájà wí, láìgbójú sókè.

“Mo ń wò yín, màámi.”

“Nílé kéwú ní Ìsẹ́yìn, ẹgba ni àfáà fi na ọwọ́ yìí títí ó fi wú. Mo sá, mi ò padà mọ́. Títí dòní, mi ò lè kọ orúkọ ara mi. Ṣé o rò pé ìkà ni mí? Mo di tọmọ yẹn kí ẹlòmíràn má baà nà án.”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“O rò ó tẹ́lẹ̀.”

“Mo rò ó, mà.”

Àlàájà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Nojeem wá bá mi lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kọ̀, kò dìde. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní di ọwọ́ ọmọ òun mọ́, títí kan èmi náà. Ó ní bí kì í bá ṣe ìwọ, òun ò fẹ́yàwó mọ́. Ọmọ tí kò sọ pé rárá fún mi rí láyé rẹ̀. Ó dùn mí, ó sì wú mi lórí.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ọwọ́ ọ̀tún ni Asiya yóò fi jẹun, òun ni yóò fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kọ́ ọ dáadáa. Èyí tó bá wù ú ni kó fi kọ̀wé.”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Nojeem dé, Asiya wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

“Ẹ jókòó,” Jàmíìlàt wí.

“Mi ò lè jókòó. Kí ni Màámi wí?”

“Wọ́n ní mi ò mọ àlùbọ́sà gé.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ mi, tí a bá ti so yìgì tán.”

Nojeem wá àga, ó jókòó, Asiya gun itan rẹ̀. Jàmíìlàt fa àga kejì, òun náà sì jókòó.