Igi Tó Dorí Kodò Nínú Fótò

Igi náà dorí kodò. Igi nìkan o. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró bó ṣe yẹ kó dúró, garawa tí mo fi ń bomi rin òdòdó wà lórí ilẹ̀, adìẹ kan sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn kọjá. Ṣùgbọ́n igi gúáfà tó wà láàárín wọn ti forí gúnlẹ̀. Àwọn òdòdó funfun tí mo tìtorí wọn yọ pọ́tábù jáde láti yà ti rì sínú iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì nà sójú ọ̀run, ilẹ̀ tútù ṣì ń já bọ́ lára wọn.

Mo gbójú kúrò lára fótò, mo wo igi fúnra rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán níwájú mi, oyin ń kùn lórí òdòdó rẹ̀. Mo pa fótò náà rẹ́, mo tún un yà. Ó tún dorí kodò.

"Kí lèyí?" Mo sọ ọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ tó ní mò ń ṣiwèrè. Mariamou lorúkọ mi, Ìyá Soufiane ni gbogbo àdúgbò Houinmè ń pè mí. Mo lẹ́nu, mo mọ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń ya òdòdó ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo ń fi í ránṣẹ́ sí Wọ́sáàpù ẹbí, nítorí ara mi ò gba àwọn àwòrán òdòdó oníràwọ̀ tí àwọn yòókù fi ń kí ara wọn, òdòdó tí wọn ò gbìn, tí wọn ò bomi rin, tí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi káàárọ̀, kó fi nǹkan ilé rẹ̀ kí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, inú ti ń bí mi kí n tó dìde lórí ẹní. Moumouni, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, ti wá jíṣẹ́ fún wa lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ Jímọ̀ náà, àwọn àgbà máa jókòó láti sọ fún Estelle, ìyàwó Soufiane ọmọ mi, pé ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ obìnrin kan ní Ouando, kí Estelle kó kúrò ní yàrá fún ìyàwó tuntun. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Wọ́n ní látìgbà tó ti bí Nafissath, inú rẹ̀ ti tì. Soufiane fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń tẹ pọ́tábù rẹ̀ lọ. Abọ́ kan náà ni Estelle ń fọ̀ ṣáá.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Soufiane nìkan lèmi náà bí nínú ilé yìí. Ìyá ọkọ mi, Ìyá Àgbà tó ṣì wà láàyè dòní, ló sọ mí ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so lẹ́ẹ̀kan tó tán. Ó fi pè mí lójú àlejò, ó fi pè mí lójú ọmọ. Ọkọ mi sì fẹ́ obìnrin lé mi lórí nítorí ẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tó kú, mo sunkún rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí fótò yí igi padà, mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú ló ń ṣe mí lójú. Mo ya òdòdó pupa ìdí kànga, ó dára. Mo ya pèrègún, ó dára. Mo ya àgbọn àti máńgòrò àwọn ọmọ Moumouni, gbogbo wọn dúró lórí ìdí wọn. Mo wá ya igi ọsàn tó wà ní kọ̀rọ̀ ògiri. Gbòǹgbò lókè, ewé nísàlẹ̀. Mo wá ń bú pọ́tábù náà bí ẹni ń bú èèyàn.

Mo gun alùpùpù zémì lọ bá Kàbírù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tún pọ́tábù ṣe ní Ouando. Ó tú u, ó fẹ́ ẹ, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo ní kó wo fótò. Ó gbé e sún mọ́ ojú, àwàdà tó ń bá mi ṣe tẹ́lẹ̀ sì kú sí i lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pọ́tábù padà fún mi.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́, "kí ló wà nídìí àwọn igi méjì yìí?"

Orí mi wú.

Nínú ilé wa, bí obìnrin bá bímọ, wọn kì í ju ibi ọmọ náà nù. Wọ́n á gbà á ní mátánítè, nílé ìgbẹ̀bí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tuntun, wọ́n á rì í sẹ́yìnkùlé, wọ́n á wá gbin igi lé e lórí. Igi náà di ti ọmọ. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, ibi yòówù kó rìn dé. Ojú ìkòkò gbọ́dọ̀ kọ sókè. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, inú ìyá ọmọ ti dojú dé nìyẹn, kò ní gba ọmọ mìíràn mọ́. Ọmọdé ilé wa mọ èyí, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣeré. Ìyá ọmọ kì í sì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rì í. Inú yàrá la máa ń wà, lórí ẹní, títí ọmọ á fi gba orúkọ.

Gúáfà ni ti Nafissath. Ọsàn ni ti Soufiane.

Mi ò rántí bí zémì ṣe gbé mi délé. Mo mú ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìdí gúáfà. Estelle sáré jáde, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń wá? Ẹ rọra, igi ọmọ mi ni!"

"Torí ọmọ náà ni mo ṣe ń wa á."

Ilẹ̀ náà rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òórùn kan ń jáde níbẹ̀ tí mo dá mọ̀, tí mi ò fẹ́ gbà pé mo dá a mọ̀. Nígbà tí ọkọ́ kan amọ̀, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ìdí ìkòkò ni mo rí, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó dojú délẹ̀, gbòǹgbò gúáfà ti wé mọ́ ọn yíká.

"Máwù o!" Ọmọ Gùn ni Estelle, bí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́, èdè ìyá rẹ̀ ló fi ń ké pe Ọlọ́run. Ó na ọwọ́ láti yí i padà. Mo gbá ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀. Ẹni tó dojú rẹ̀ délẹ̀ ló máa yí i padà, lójú gbogbo wọn."

Mo rọra tú gbòǹgbò wọ̀nyẹn kúrò, mo ti páànù sábẹ́ ìkòkò náà, mo gbé e bó ṣe wà lọ sí yàrá Ìyá Àgbà. Obìnrin yìí ò lè dìde mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lẹ́kọ mu. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí inú bá bí mi dé góńgó, ohùn mi kì í lọ sókè mọ́, ńṣe ló máa ń wálẹ̀.

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ẹ wá ń bi mí títí irun mi fi funfun pé kí ló dé tí mi ò wọlé."

Ó wo ìkòkò náà. Kò yà á lẹ́nu.

"Pa ilẹ̀kùn yẹn dé," ó ní, "kí ọmọbìnrin yẹn má gbọ́."

Mi ò pa á dé.

"Èmi ni mo bú ọ," ó ní, "mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ta ló ń di ọkọ́ mú lọ́jọ́ náà nínú ilé yìí?"

Bàbá ọmọ ni. Obìnrin kì í gbẹ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti wọlé wọn, mi ò sì ronú débẹ̀ rí, nítorí ẹni tó ń bú ni lojú ẹni máa ń wò.

"Ọkọ rẹ ló rì tìrẹ. Ó ní ọmọ kan ti tó òun lọ́dọ̀ obìnrin tó lẹ́nu báyìí. Nígbà tí wọ́n bí Nafissath, Soufiane wá síbi tó o dúró sí yìí. Ó ní òun ti rí ẹlòmíràn tó wu òun, òun ò fẹ́ kí ọmọ Estelle pọ̀. Ó bi mí bí bàbá òun ṣe ṣe é. Mo sọ fún un."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Ọmọ mi ni, ọmọ-ọmọ mi ni. Ta ni kí n tú wọn fó fún? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, Mariamou. Soufiane nìkan lo bí. Jẹ́ ká wo ohun tí ìwọ máa ṣe."

Mo jáde níbẹ̀. Mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ọkùnrin yẹn! Ọdọọdún ni mò ń ṣe sàráà fún un! Ohun tí mo sọ sí òkú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló gbọ́ ọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn Alásàrí, àwọn àgbà jókòó sí iyàrá iwájú. Soufiane wọ funfun, ó fi lọ́fínńdà. Kí Moumouni tó kí ẹnikẹ́ni, mo gbé páànù náà sáàárín ẹní.

"Soufiane, yí i padà."

Ó wo ìkòkò náà, ó wo ojú mi. "Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn àgbà."

"Yí i padà, àbí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìkòkò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan gbé e. Ìkòkò ò mira. Ó fi méjèèjì. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, òógùn bo imú rẹ̀, ìkòkò tí ọmọdé lè fi pọnmi ò sì kúrò lójú kan. Moumouni ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá.

Estelle rìn wọlé. Kò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan. Ó fi ọwọ́ òsì nìkan yí ìkòkò náà padà, ojú rẹ̀ sì kọ sókè. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì ló wà nínú rẹ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀, òórùn yàrá ìrọbí sì gba gbogbo ilé. Ohun tó yẹ kó ti di iyẹ̀pẹ̀ látọjọ́ yìí ṣì wà níbẹ̀ lódindi, ó ń mí sókè, ó ń mí sódò.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà sáré jáde lọ bì. Estelle tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ojú ìkòkò.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi," ó ní, "pé ibi tí ìkòkò ọmọ bá wà ni ilé ọmọ. Mò ń gbé e lọ sílé bàbá mi ní Sèmè. Nafissath, wá."

"Estelle, ọmọ wa nìyẹn," Moumouni wí, ó dìde láti dí ẹnu ọ̀nà. Estelle gbé ìkòkò náà sún mọ́ ọn. Ó yà fún un.

Mo dúró kí Soufiane wólẹ̀. Mo dúró kó sáré tẹ̀ lé wọn. Mo ní bó bá lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lásán, màá bá a bẹ̀bẹ̀. Ó kàn nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ó ní. "Ṣebí ọmọbìnrin kan ṣoṣo náà ni. Èyí tí mo fẹ́ fẹ́ á bí òmíràn."

Èmi ni mo bí èyí! Ọmú mi ló mu!

Mo mú ọkọ́, mo gba ìdí igi ọsàn lọ. Ìyá Àgbà rí mi láti ojú fèrèsé. "Mariamou! Òun nìkan lo ní o!" Mo sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kan gbòǹgbò ọsàn. Igbe Soufiane ló dáhùn láti inú ilé. Ó fọwọ́ méjèèjì di ìdodo rẹ̀ mú jáde, pupa ń tàn kálẹ̀ lára aṣọ funfun náà, ó sì ṣubú sórí pèpéle.

Látọjọ́ náà ló ti dùbúlẹ̀. Dókítà ò rí ojú egbò, ìdodo ò sì gbẹ. Èmi náà ò kúrò nídìí ọsàn yìí, àpótí mi rèé, ọkọ́ mi rèé. Mi ò tíì kan ìkòkò. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá bẹ̀ mí, Moumouni, ará ilé, ará àdúgbò, pé kí n bo ihò náà, pé ìyá kì í ṣe báyìí. Wọn ò bẹ Soufiane nígbà tí Estelle ń fi omijé fọ abọ́!

Mo sọ fún wọn pé Sèmè ò jìnnà. Kó lọ bá Estelle níwájú bàbá rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, màá sì bo ihò yìí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kò lè dìde dúró.

Mo ní kó rákòrò.