Orí Tí Wọ́n Gbá Bíi Bọ́ọ̀lù

Ọkọ́ Ìyá àgbà Rosalbina dún lára nǹkan nínú oko àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní àdúgbò Bosa. Nígbà tó fọwọ́ tú ilẹ̀, agbárí èèyàn ló yọjú. Ìyá náà kúnlẹ̀.

"Paba," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Duván, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà, mọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ló ń jẹ́ ní èdè àwọn Muisca, ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, èdè tó ti kú mọ́ wọn lẹ́nu láti ayé àwọn baba ńlá wọn, tí àwọn àgbà àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣà kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi, bá mi ṣọ́ wọn. Mò ń lọ pe àwọn àgbà, ká lè tún wọn sin." Ó fi ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ bo agbárí náà, ó jáde.

Kò pẹ́ ni Breyner, ọmọ kíláàsì Duván, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dé. Breyner ṣí ṣọ́ọ̀lù náà.

"Háà! Duván, ẹbí ẹ rèé! Ẹ wo eyín, bí tiẹ̀ ló rí! Ará igbó!"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ yìí pè é nílé ìwé. Ó ti sú u.

"Kì í ṣe ẹbí mi."

"Tí kì í bá ṣe ẹbí ẹ, gbá a. Àbí ẹ̀rù màmá àgbà ń bà ẹ́?"

Duván gbá a. Breyner gbá a padà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kígbe "Paba! Paba!", ọ̀rọ̀ tí Duván kọ́ wọn, títí Duván fi gbá a mọ́ ògiri, tó fọ́ yángá.

Ibi tó ti ń jó ayọ̀ góòlù ló ti rí ìyá àgbà àti àwọn àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò fẹ́ńsì sá lọ.

Ẹnikẹ́ni ò nà án. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa eyín sínú épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Duván lóṣòó láti bá a ṣà wọ́n.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n," ìyá àgbà sọ.

Nígbà tí Duván dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, Breyner ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ sún fún un o! Ẹni tó gbá orí bàbá ẹ̀, kí ló máa ṣe tiyín?" Gbogbo kíláàsì sì sún fún un lóòótọ́.

Lásìkò òjò, àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Duván kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún. "Ìyá àgbà, ẹ dárí jì mí."

Kò wò ó. Àwọn àgbà ló kọjú sí. "Tí mo bá kú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí mọ ibi tí ẹ sin mí sí. Ó ní ẹsẹ̀ tó lágbára."

Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Títí dòní, Duván ò mọ sàréè ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.

Ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ẹni tó ní kí o kọ àwọn tó bí ọ sílẹ̀ kó tó bá ọ ṣọ̀rẹ́, kò ní í bá ọ ṣọ̀rẹ́ náà.