Ọ̀nà Là, Kò Sẹ́ni Tó Gbà Á

"Ṣẹ́ẹ̀kì! Ọba rẹ ti há."

Dèjì kò tilẹ̀ pariwo nígbà tó sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Fẹ́yìsayọ̀ jù. Ó kàn gbé rúùkù rẹ̀, ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì tó rí bí ilé ìṣọ́, ó gbé e dojú kọ ọba Fẹ́yìsayọ̀, ó sì káwọ́ lẹ́rán.

Fẹ́yìsayọ̀ wo pátákó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó to gbogbo ọmọ Dèjì tó ti jẹ sí: ẹṣin kan, bíṣọ́ọ̀bù kan, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké rẹpẹtẹ. Èyí tí Dèjì jẹ kò tó nǹkan.

"Ó tì o! Èmi ni mo jẹ jù! Ẹ wá kà á!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Fẹ́yì, ayò kọ́ lò ń ta o!" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ọmọ Ìrèlé-Èkìtì ni Fẹ́yìsayọ̀, ìdí ọpọ́n ayò bàbá rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Kí ó tó mọ ìwé kà dáadáa ló ti ń na àwọn àgbà nídìí ayò. Níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ jù ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá jẹ ni òpè, àríyànjiyàn tán. Ìgbà tó wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, kí ó lè lọ sílé ẹ̀kọ́ girama, ló tó bá irú eré yìí pàdé, eré tí èèyàn ti lè jẹun yó kó sì tún kú. Ó sì ti ń kú níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Ìdó. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti Ọ̀yẹ́, Ọ̀tùn àti Ìkọ̀lé fẹ́ pàdé níbẹ̀ fún ìdíje, ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì rán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti Dèjì yóò ta eré ìdánwò. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ti yá Fẹ́yìsayọ̀. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ni wọ́n máa mú, bàbá náà kò sì lè pa ọ̀rọ̀ dídùn mọ́nú. Gbogbo Ìrèlé ló ti gbọ́.

Àǹtí Peace fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ni, òun ló máa ń wá kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọ Benue ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń pàṣamọ̀, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ máa ń yà sígbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Fẹ́yì, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ lo máa ń jẹ. Ẹja tó bá ń jẹ báyìí, ìwọ̀ ló máa pa á." Ó tún pátákó tò. "Wo ọba yìí. Àwọn ọmọ ogun ṣe odi yí i ká. Ayaba rẹ ò lè wọlé, rúùkù rẹ ò lè wọlé. Ó dáa, fi ẹṣin rẹ lu odi yẹn."

"Wọ́n máa jẹ ẹ́, mà!"

"Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ ogun tó bá jẹ ẹ́ ti kúrò láyè rẹ̀. Ṣó o rí i? Ilẹ̀kùn ti ṣí."

Ó gbé rúùkù wọlé, ayaba tẹ̀lé e, ọba há mọ́ kọ̀rọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Àṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí! Ó ti ń kó ìwé sínú báàgì.

"Dúró, mi ò tíì parí. Kí o tó fi ẹṣin sílẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo..."

"Ó ti yé mi, Àǹtí. Ẹ ṣeun, mà."

Kò yé e. Inú ló ń bí i, ó sì ti sú u kí wọ́n máa kọ́ òun bí òpè lójú Dèjì. Ó bọ́ síta, ó sì ń bínú lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo kíláàsì rọ́ yí tábìlì ká. Wọn kò tíì ta jìnnà tí Fẹ́yìsayọ̀ fi gbé ẹṣin rẹ̀, tó fi lu odi ọba Dèjì.

"Yé!" ni gbogbo wọn ké. "Fẹ́yì fi ẹṣin sílẹ̀!"

Ariwo náà dùn mọ́ ọn dé ọkàn. Dèjì fi ọmọ ogun jẹ ẹṣin náà. Fẹ́yìsayọ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé e. Wọ́n tún hó. Odi wó, ọba Dèjì sì dúró sí gbangba láìsí aláàbò.

Ìgbà yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tó máa wọlé. Rúùkù rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ayaba rẹ̀ há sẹ́yìn ọmọ ogun òun fúnra rẹ̀. Ọ̀nà là gbọọrọ, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á.

"Fẹ́yì, ta ló fẹ́ wọlé báyìí?" ni Dèjì bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Láti ibẹ̀, òfò ló kù. Dèjì fara balẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Fẹ́yìsayọ̀ fi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọba rẹ̀ sílẹ̀, àmì pé ó ti gbà pé òun pàdánù.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi sílẹ̀!" ó kígbe mọ́ Àǹtí Peace, tó wá ṣe adájọ́. Omijé ti gba ojú rẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún fẹ́ sọ pé kí o kọ́kọ́ kó àwọn tó máa wọlé sún mọ́ tòsí. O ò dúró gbọ́."

Nírọ̀lẹ́, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ wá sí Ìdó mọ́. Dèjì ni wọ́n mú."

Bàbá ní, "Háà. Mo sì ti sọ fún tulé toko." Ó wá ní, "Kò burú, ọmọ mi. Múra sí uṣẹ́ rẹ." Ì bá bú u, ì bá sàn fún un.

Ibi tó tún wá burú sí ni pé Àǹtí Peace ní kí ó máa bá Dèjì ta lẹ́yìn ìwé, kí Dèjì lè gbára dì.

"Kí n máa pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa mí?"

"Kò sí ẹlòmíì tó lè yọ ọ́ lẹ́nu bíi tìẹ," ni Àǹtí Peace wí.

Ó kọ̀, ó tún lọ. Ó ń fa ojú ro, ó ń ta. Nígbà tó di ọ̀sán tó ṣáájú ìdíje, kíláàsì ti ṣófo, àwọn tó ń gbálẹ̀ nìkan ló kù. Fẹ́yìsayọ̀ kọ́kọ́ yọ rúùkù kan kúrò ní kọ̀rọ̀, ó yọ èkejì. Ó ṣí ọ̀nà fún ayaba. Dèjì jẹ ọmọ ogun rẹ̀ kan. Ọwọ́ ń yún un láti jẹ padà, ó pa á mọ́ra. Nígbà tí gbogbo wọn ti wà ní sẹpẹ́, ó fi ẹṣin lu odi. Kò sẹ́ni tó hó. Dèjì jẹ ẹ́, rúùkù wọlé, ayaba tẹ̀lé e, ọba kò ríbi sá sí mọ́.

Dèjì tẹjú mọ́ pátákó títí. "Ká ní o ta báyìí lọ́jọ́ Jímọ̀, ìwọ lo máa lọ."

"Mo mọ̀," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. Ó dùn ún ju ìgbà tó pàdánù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì gbé Dèjì lọ sí Ìdó. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò, ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń jáde ní géètì. Kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn padà fún un.

Fífi nǹkan sílẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣẹ́gun. Kí a mọ ohun tó máa ṣí, kí ẹni tó máa gba ibẹ̀ kọjá sì ti wà nítòsí. Ẹni tó bá sì sá kúrò nídìí ìdajì ẹ̀kọ́, ìdajì yòókù yóò bá a níbi tí ojú ti pọ̀.