Ẹni Tó Ní "Mò Ń Bọ̀"

Edé ni Adéyẹyè wá rà ní ọjà ńlá Warri lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Hadassah. Kò tíì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé e wá láti Èkó. Ó gbọ́ tí ìyá ọmọbìnrin náà, Màmá Agatha, ń fi Yorùbá àwọn Ìlàjẹ bá ẹnìkan jà lórí fóònù, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí ará ilé.

"Ẹ kú ọjà o, Mà. Èló ni edé yìí?"

Ọmọ náà ló dáhùn. "Oga, you wan buy abi you wan greet?"

"O ò gbọ́ Yorùbá ni?"

"I dey hear am. Na to talk am no dey sweet my mouth."

Adéyẹyè fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó ti gbàgbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ sínú mọ́tò. "Mò ń bọ̀," ó ní.

Hadassah bú sẹ́rìn-ín. "See am! All of una, 'I dey come, I dey come.' Nobody dey come back."

Òjò ńlá dé. Àwọn ọlọ́jà ti ń fi ọ̀rá bo ọjà wọn nígbà tí Adéyẹyè padà wá, tí omi ń kán nímú rẹ̀. Hadassah wò ó títí. "You come back true true," ó ní. Ènì tó fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ohun tó rà lọ.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Adéyẹyè tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́kọ́ yarí. "Ìyàwó tí yóò máa fi Píjìn dá mi lóhùn? Ta ni yóò máa bá mi túmọ̀ rẹ̀?" Adéyẹyè bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì gba ilé sí Ogunu ní Warri.

Ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn kò tíì dé ìdajì tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan fi gba Hadassah láti máa ṣe ètò òwúrọ̀ ní Píjìn. Ẹnu tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ni gbogbo Warri wá ń jí gbọ́. Tí ìpolówó bá fẹ́ wọlé, yóò ní, "I dey come. Abeg, no comot." Adéyẹyè á máa fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, á dá a lóhùn láti inú ilé ìwẹ̀: "Mi ò lọ ibì kankan, olólùfẹ́ mi."

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Adéyẹyè ti ọ́fíìsì tó wà ní Warri pa. Wọ́n ní ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń dúró dè é ní Èkó, bó bá lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí kò bá dé, wọn á fún ẹlòmíràn.

"Ó yẹ ká lọ, ìyàwó mi," ó ní.

"Go where? Who go hear my Pidgin for Lagos?"

"Wọ́n ń gbọ́ Píjìn ní Èkó."

"No be this one."

"Hadassah, àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí."

"And your own don expire."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. "Ìyá mi ti sọ ọ́," ló jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Wetin your mama talk?"

Adéyẹyè bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo orí tábìlì. Hadassah kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ekete, lẹ́bàá Warri, ló ń lọ. Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "No call me. I dey come."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni Adéyẹyè ṣe gbà á. Ó ní kó má pe òun, kò pè é. Ó ní òun ń bọ̀, ó jókòó dè é. Láràárọ̀ ló ń tan rédíò, láràárọ̀ ni ohùn náà ń sọ fún un pé kó má jáde lọ.

Ìyá rẹ̀ pè. "Ṣé o ti di ẹrù rẹ?"

"Mò ń dúró de ìyàwó mi, Mọ́mì."

"Ṣé èyí tó ti fi ilé sílẹ̀ náà?"

"Kò fi ilé sílẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Iṣẹ́ ò ní dúró dè ọ́ o."

Ọjọ́ Ajé dé, ó sì kọjá. Iṣẹ́ náà bọ́. Ẹ̀rù wá ba Adéyẹyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rò ó pé bóyá gbogbo ìlú ni obìnrin yìí kàn ń bá sọ̀rọ̀, tí kò sì rántí òun rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Agatha fi kọ́kọ́rọ́ ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, báàgì ńlá kan tó ṣófo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù Hadassah ló wá kó. Ó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ iṣu.

"Yéè! Adé! O ò lọ Èkó?"

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ó ní kí n má lọ."

"Ta ló ní kí o má lọ?"

"Hadassah. Lórí rédíò."

Màmá wá ibi jókòó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, kó tó di pé omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ yìí ń sunkún nílé mi, ó ní o ò pe òun, o ò wá wo òun, o ti bá tìẹ lọ. Àṣé ibí lo jókòó sí, tí ò ń dá rédíò lóhùn!"

"Òun ló ní kí n má pe òun, Mà."

"Obìnrin ní kí o má pe òun, o ò sì pè é lóòótọ́? Irú etí wo lo ní?" Ó ká báàgì òfìfo náà sábẹ́ abíyá. "Mò ń bọ̀," ó ní, ó sì jáde.

Hadassah ló dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"So you dey here since?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

"Your work nko?"

"Wọ́n ti fún ẹlòmíràn."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Adé, na advert! Everybody wey hold microphone dey talk am."

"Ṣé kì í ṣe èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "I think say you don go. But anytime I talk am, na your face I dey see."

"Inú ń bí mi, Hadassah. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mi ò mọ ohun tí a ó ṣe lọ́la."

"I know." Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ẹni tí wọn ò tíì ní kó wọlé. Nígbà tó tún lanu, Yorùbá ló jáde, ó falẹ̀, ohùn Ìlàjẹ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Adé mi. Mo ti dé."

Adéyẹyè dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Káàbọ̀," ó ní.