Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Eléruku Fi Dákẹ́

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ obìnrin náà, ẹ̀rọ kékeré kan ló gbé lọ́wọ́, ó ní eruku ni òun wá gbà.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ dá òòlù ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní tó bá jẹ́ eruku ni, kó kó èyí tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí ni ọkùnrin yìí ní fásitì náà, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta lórí ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Eruku tí àwọn ènìyàn ń fà símú níbi iṣẹ́ wọn ló ń wádìí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹ̀ka tí kì í yà sí. Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ eré orí ìtàgé, ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gìtá. Ó ti jókòó ti ọkùnrin kan tó ń ka iye èèrà inú àpótí dígí láti ọdún mọ́kànlá, àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tó ń to ìwé àtijọ́ tí ikán ti jẹ pọ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Gbogbo wọn ló fún un ní àga. Gbogbo wọn náà ló sì fi yé e pé iṣẹ́ tàwọn ló ṣe pàtàkì jù ní fásitì. Àwọn ló sọ ọ́ ní Eléruku, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Obìnrin tó bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà bí a ti ń gbẹ́ òkúta. Àǹtí Olókùúta ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, apá rẹ̀ le, eruku funfun sì bò ó dé ìpéǹpéjú. Òkúta kan tó ga jù ú lọ ló dúró níwájú rẹ̀, ó ti lo ọdún méjì lórí rẹ̀: ère ìyá arúgbó kan tó fọwọ́ ti orúnkún, tó ń gbìyànjú láti dìde lórí àga.

Eléruku gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó béèrè ìdí tí kò fi bo imú.

“Tí mo bá bo imú, mi ò ní gbọ́ òórùn òkúta,” ni obìnrin náà wí. “Òkúta tó bá fẹ́ là máa ń rùn kó tó là. Ẹ̀yin ò mọ̀yẹn nínú ìwé yín.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni Olókùúta tó yíjú wò ó dáadáa. Wákàtí kan péré ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí Eléruku tó rántí pé òun ní ilé.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní àwọn iye tí òun kọ́kọ́ gbà kò dá òun lójú. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Olókùúta bi í pé eruku wo ló tún kù tó fẹ́ gbà.

“Èyí tó wà lára yín,” ni Eléruku dáhùn.

Olókùúta rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni “ẹ” ti di “o” láàárín wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀kan kò fi lè jẹun alẹ́ láì mọ ohun tí èkejì jẹ.

Baba Olókùúta ti kú tipẹ́. Agbẹ́-òkúta ni òun náà, òkúta ojú oórì ló ń gbẹ́, òun ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá nínú búkà páànù kan lẹ́yìnkùlé. Ikọ́ ló pa á. Àwọn ará àdúgbò pè é ní ikọ́ fée, ibẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú Eléruku wálé, ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀, ó sọ pé ọmọ tí kì í purọ́ lòun ń wá fún ọmọ òun, pé ojú ọmọ yìí sì jọ tẹni tí kò mọ irọ́ pa. Ẹ̀gbọ́n Eléruku obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, fẹ́ràn ìyàwó àfẹ́sọ́nà náà débi pé ó ti ń bi wọ́n léèrè ọjọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya fọ́tò àyà.

Ara iṣẹ́ ìwádìí náà ni. Ènìyàn méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n yà á fún nílé ìwòsàn fásitì, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi dípò orúkọ wọn. Eléruku jókòó ti dókítà bó ṣe ń gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan síwájú iná. Nígbà tí wọ́n dé orí nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n, dókítà sún mọ́ fọ́tò náà. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kún fún àmì funfun wínníwínní, bí ìgbà tí ènìyàn da iyanrìn sórí aṣọ dúdú. Dókítà ní ẹni tó ni fọ́tò yìí kò gbọdọ̀ fojú kan eruku mọ́ láti òní lọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ náà.

Eléruku fúnra rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n sára ìgò eruku ibi iṣẹ́ Olókùúta. Ó dìde, ó tún jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwé dókítà tán, ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí wọ́n parí ìwọ̀n eruku tó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá sọ fún ẹnikẹ́ni báyìí, ariwo á gba gbogbo ibi iṣẹ́, oníkálukú á yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, gbogbo iye tí wọ́n ti kó jọ á sì dàrú. Ó ní àìsàn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọlé kò ní fi ọ̀sẹ̀ méje pa ènìyàn. Ó wá fohùn jẹ́jẹ́ bi Eléruku bóyá ó fẹ́ da iṣẹ́ ọdún mẹ́ta nù.

Eléruku ní rárá.

Ẹ̀rù ọ̀jọ̀gbọ́n bà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó jù ni ẹ̀rù ojú Olókùúta lọ́jọ́ tó bá gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ síbẹ̀, tó ń jókòó sórí àpótí igi, tó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́ òkúta. Ó ra ìbòmú fún un, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Olókùúta lò ó fún ọjọ́ méjì nítorí ìfẹ́, ó sì gbé e kọ́ sára ìṣó. Ẹnu Eléruku wúwo. Àárọ̀ ló máa ń pinnu pé òun á sọ, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀la ló máa ń sún un sí. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méje ṣe lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tí ìwọ̀n parí ló sọ ọ́. Ó mú fọ́tò náà dání. Olókùúta gbà á, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ méje.”

Olókùúta fara balẹ̀ gbé fọ́tò náà sórí tábìlì.

“Nínú ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni mo gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì,” ló wí, ó nawọ́ sí ère ìyá arúgbó náà. “Mo gbẹ́ ojú rẹ̀. Mo gbẹ́ ọrùn. O sì jókòó síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí.”

Eléruku kúnlẹ̀. Olókùúta ní kó dìde, pé ilẹ̀ kún fún eruku. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré náà lé e lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Dókítà ṣàlàyé fún Olókùúta lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ méje kò fi ohun púpọ̀ kún un, pé láti búkà baba rẹ̀ ló ti ń kó o jọ. Olókùúta ní òun gbọ́. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ni dókítà ń sọ, ọkàn ni tòun ń dun òun.

Ó fi òkúta sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà kò tíì jáde nínú òkúta, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fọwọ́ kàn án. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti rù débi pé àtẹ̀gùn ilé wọn ń dá a dúró. Eléruku kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí i, kò fèsì sí ẹyọ kan. Nígbà tó lọ sílé wọn, ìyá Olókùúta kò jẹ́ kó wọlé. Ó ní òun ti pe ẹni tí kì í ṣe olóòótọ́ ní olóòótọ́, kí ó má tún dójú ti òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n Eléruku obìnrin ní tirẹ̀ sọ pé kí ó dúpẹ́ pé wọ́n lé e. Ó ní ojú òun ti rí òkú ìyá àti òkú baba, òun kò ní bá àbúrò òun gbé ìyàwó wálé nítorí àtisìnkú. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Olókùúta kan ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí Eléruku. Ó jókòó láàárín àwọn ìgò eruku. Eléruku dọ̀bálẹ̀, ìyá náà kò sì tètè ní kó dìde.

“Ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi fi wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó tó kú,” ló bẹ̀rẹ̀. “Mo mọ ikọ́ yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ọmọ mi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ mi wúkọ́ ní yàrá, mo sì gbọ́ ọ. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo tan rédíò.”

Ìyá náà wá nawọ́ sí i pé kó dìde.

“Iṣẹ́ yẹn ló ń múnú rẹ̀ dùn. Mo ní tí mi ò bá dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, bóyá kò ní rí wa. Ìwọ dákẹ́ ọ̀sẹ̀ méje, mo sì lé ẹ lẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi dákẹ́ ọdún méjì. Àárọ̀ yìí ni mo tó sọ fún un.”

“Kí ló wá wí, Mà?”

“Ó ní òun ò lè máa bá gbogbo ẹni tó fẹ́ràn òun jà, èémí òun ò tó o. Ó ní kí n pè ọ́ wá.”

Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ni Eléruku ti bá a, rọ́bà ọ́síjìn wà nímú rẹ̀.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o,” ni Olókùúta wí.

“Mo mọ̀.”

“Ó lè pẹ́.”

“Màá dúró dè é, ìfẹ́ mi.”

“Ìwọ lo lè dúró. Èmi ò mọ̀ nípa tèmi.” Ó nawọ́ sí i. “Sún mọ́ mi. Má tún mọ ohunkóhun nípa mi kí n tó mọ̀ ọ́n mọ́.”

Eléruku ṣèlérí, ó sì mú un ṣẹ.

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì ìgbéyàwó wà. Olókùúta gun àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án, ó jókòó sórí ìkẹwàá, kò lè lọ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e, ó kọ̀, ó ní òun kì í ṣe àpò ìrẹsì. Akọ̀wé ìgbéyàwó náà, obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú wọn, ó sì so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wá gba ìwé ọjọ́ ìbí dìde dúró.

Ẹ̀gbọ́n Eléruku ti ní òun kò ní wá. Nígbà tí wọ́n máa gbójú sókè, òun ni wọ́n rí nísàlẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba sìlíńdà ọ́síjìn lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì ṣáájú wọn jáde.

Oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n jọ gbé. Olókùúta ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti orí àga, Eléruku sì ń kọ ìwé rẹ̀. Nígbà tó parí rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan sínú rẹ̀ pé òun mọ àìsàn ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méje kí òun tó sọ, àti pé ẹni náà kò dẹ́kun iṣẹ́ nítorí kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò ní fọwọ́ sí i. Eléruku gbé ìwé náà wá fún ìyàwó rẹ̀, ó kà á sí i létí.

“Má yọ ọ́,” ni Olókùúta wí. “Èmi náà wà nínú gbólóhùn yẹn.”

Kò yọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sì fọwọ́ sí i. Eléruku kò gba oyè ọ̀mọ̀wé títí dòní, ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìwé náà tàn kálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fa wàhálà, ọdún náà kò sì tíì parí tí wọ́n fi fa omi sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta, kí eruku má baà fò mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ìyá Olókùúta wà ní ìdí fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Eléruku jókòó sí etí ibùsùn, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Èémí rẹ̀ ti kúrú láti àárọ̀.

Olókùúta la ojú. Ó ní òun ti dárí jì í, ó ti tó ìgbà díẹ̀, òun kàn gbàgbé láti sọ ni.

Eléruku dìde díẹ̀ láti tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, láì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé o ń jáde ni?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Rárá, ọ̀wọ́n mi. Mi ò lọ sí ibì kankan.”

Olókùúta ní ó dára. Ó di ojú, ó fún ọwọ́ ọkọ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, ó ti lọ.