Epo Ìdí Táyà Nosiku

Orí òkìtì iyanrìn ni Nosiku wà nígbà tí Mulemwa kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọmọbìnrin náà ya bàrá kúrò lójú títì Kalabo pẹ̀lú pikọ́ọ̀pù funfun kan, ó gba àárín ewúrẹ́ méjì kọjá láìfara kan ọ̀kankan, ó sì ki imú ọkọ̀ bọ iyanrìn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Mulemwa mẹkáníìkì. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ agbọ̀n ẹja gbígbẹ tó kó sẹ́yìn ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó rọra pàtẹ́wọ́ kí Mulemwa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìgbà tó kí i tán ló tó sọ pé bíréèkì òun kò mú mọ́.

"Mo ti rí i," ni Mulemwa wí. "Àwọn ewúrẹ́ yẹn náà ti rí i."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà ń retí mi ní Mongu."

Mulemwa kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó tú táyà ẹ̀yìn. Epo ti ya bo gbogbo bíréèkì, nítorí rọ́bà róbótó tó yẹ kó sé epo mọ́ inú irin ìdí táyà kò sé e mọ́. Ó fi tuntun sí i. Kó tó parí, oòrùn ti wà ní àtàrí, Nosiku sì ti yan ẹja fún àwọn méjèèjì.

"Ẹ tú gbogbo ìdí táyà láìwo ẹ̀yìn," ló wí bó ṣe ń wò ó, "ẹ ò wá lè tú egungun ẹja."

"Irin ni mo kọ́, n kò kọ́ ẹja."

"Ó dáa, màá kọ́ yín."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé. Epo tún ti ń jò. Ká má parọ́, inú Mulemwa dùn. Ìgbà kẹta, inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ojú sì tì í. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sí ìdùnnú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó fi èékánná wá ojú irin bóyá ó ti jẹ, kò jẹ. Ó pààrọ̀ bẹ́ríìnì. Ó ní kí wọ́n bá òun ra ojúlówó rọ́bà bọ̀ láti Lusaka. Epo kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti wọlé. Àwọn mìíràn ń pàdé létí odò, àwọn méjì yìí ń pàdé nídìí táyà. Nosiku mọ orin tí Mulemwa máa ń súfèé rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Mulemwa sì mọ̀ pé bí ọmọbìnrin náà bá ń tún gèlè rẹ̀ wé léraléra, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀.

"Tí mo bá rán àbúrò bàbá mi sílé yín ńkọ́?" ni Mulemwa bi í lọ́jọ́ kan.

Nosiku tún gèlè wé. "Rán an. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá epo yìí dúró o. O ò mọ bàbá mi."

Ta ni kò mọ Bàbá Imasiku? Ogójì ọdún ló fi ń dí ọkọ̀ ojú omi fún àwọn apẹja, ìda oyin àti èèpo igi ló fi ń dí wọn, kò sì sí èyí tó jò. Ojú ló gbé e jókòó sílé. Síbẹ̀, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Nosiku bá fẹ́ wa ọkọ̀ gba inú omi Luanginga kọjá, bàbá á rá wọ abẹ́ pikọ́ọ̀pù, á fọwọ́ kan ibí, á fọwọ́ kan ọ̀hún. Nosiku rò pé àgbàlagbà kàn ń ṣàárò iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Bàbá Imasiku gba àlejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó fún àbúrò bàbá Mulemwa ní wàrà kíkan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tán, ó wá fèsì.

"Ọmọ yín dí ojú kan ṣoṣo nídìí táyà. Ó dí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń jò. Nosiku nìkan ni mo bí. Kí ọkọ̀ yẹn lọ sí Mongu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó bọ̀ láìjò, kí ẹ wá padà wá. Tó bá tún jò, ẹ má wulẹ̀ dààmú ẹsẹ̀ yín."

Ní ìrìn kẹta, ó jò. Bíréèkì já Nosiku kulẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ sínú odò, igi ló dá ọkọ̀ dúró. Ó rọra wa ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ yẹn, kò pàtẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o tiẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí ni, Mulemwa? Sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pinnu pé òun kò ní jáde àfi tí òun bá rí i.

Lókè irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ihò kékeré kan wà tí kò ju orí ìka lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú irin ń gbà jáde nígbà tí irin bá gbóná. Bí wọ́n bá dí i, afẹ́fẹ́ á wá ọ̀nà mìíràn, á sì ti epo gba ara rọ́bà jáde, ì báà jẹ́ Lusaka ni rọ́bà náà ti wá. Ibi tó yẹ kí Mulemwa kọ́kọ́ wò nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ bò ó, ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ sì dán bí ara irin. Ó fi wáyà tú u. Ìda oyin ló bọ́ sí i lọ́wọ́, àmì àtàńpàkò sì wà lára rẹ̀.

Ó mọ ẹni tó ni àtàńpàkò náà. Bó bá lanu báyìí, orúkọ rẹ̀ á mọ́ kó tó di alẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo etí odò á sì gbọ́ pé ọwọ́ Bàbá Imasiku ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Mulemwa ki ìda náà sápò.

"Mo ti rí i," ló sọ fún Nosiku. "Má bi mí léèrè ná. Jẹ́ kí n rí Bàbá."

Ó mú ọ̀pá rọ́bà gígùn kan lọ́wọ́ lọ bá àgbàlagbà náà, ó sì pàtẹ́wọ́ kí i.

"Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo wá tọrọ. Ihò kan wà lókè irin yẹn tó fi ń mí. Tí omi bá sì jìn, omi lè gbabẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ fa ọ̀pá rọ́bà yìí láti ibẹ̀ lọ sókè, níbi tí omi ò lè dé. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí rọ́bà ti pàdé irin, n kò mọ ẹni tó lè dí i bíi tiyín."

Bàbá Imasiku gba ọ̀pá rọ́bà náà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ìda mi dà?"

"Ìda wo, Bàbá?"

Àgbàlagbà náà wò ó tìtì. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́. "Omi ni mo rò pé mo ń gba ọkọ̀ ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀," ló wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

Àwọn méjèèjì jọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ pikọ́ọ̀pù. Ọ̀kan di rọ́bà mú, èkejì ń fi ìda dí i.

Bàbá ní kí wọ́n tún ka ìrìn mẹ́wàá náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ lọ sí Mongu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìdí táyà gbẹ táútáú. Nígbà tí àbúrò bàbá Mulemwa padà wá tòun ti Mulemwa, Bàbá Imasiku ní kí wọ́n pe Nosiku jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo dí ihò tí ọkọ̀ fi ń mí. Ọwọ́ mi ló fa epo tó ń jò. Mulemwa yìí mọ̀ láti oṣù méjì, kò sọ fún ẹnì kan. Ẹni tó bo àṣírí mi bẹ́ẹ̀, mo lè fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́."

Nosiku yíjú sí Mulemwa. Gèlè rẹ̀ ti tú, kò sì wé e.

"Mo bú ọ, o sì dákẹ́."

"O bú mi dáadáa. Ẹja nìkan ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n tú báyìí."

Nosiku rẹ́rìn-ín, ẹkún sì jáde mọ́ ọn.

Pikọ́ọ̀pù funfun náà ló gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ẹrù ti pé, àwọn obìnrin ti ń kọrin, ni Bàbá Imasiku bá tún rá wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn. Gbogbo ènìyàn dúró dè é. Nígbà tó jáde, iyanrìn bo orúnkún rẹ̀, ó nawọ́ gba ojú fèrèsé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Kò jò," ló wí. "Ó sì ń mí. Ẹ máa lọ."