Ìwé Àṣìṣe Mayumi

Aago méje àárọ̀ Sátidé ni Mayumi Dimaculangan wọ àgọ́ ọlọ́pàá Santa Ilaya, ó sì gbé bébà kan ka orí tábìlì Inspẹ́kítọ̀ Crisanto Magbanua. Ó ti kọ ẹ̀sùn ẹ̀ sílẹ̀ látilé. Ó fi nọ́ńbà sí i láti ọ̀kan dé mẹ́fà, ó tún fa ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, ọ̀gá. Wọ́n jí ìwé mi."

"Wọn ò jí fóònù?"

"Rárá."

"Owó ńkọ́?"

"Ó wà ní nọ́ńbà kẹrin, ọ̀gá. Wọn ò fọwọ́ kàn án."

Ojú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún náà ti wú. Ìwé aláwọ̀ búlúù ni wọ́n jí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń kọ gbogbo ìbéèrè tí kò bá gbà sínú ẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí kò fi gbà á. Ọ̀la ni ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé sì ni wọ́n ń gba ọmọ láyè láti ṣe é. Òní ló yẹ kó ka ìwé náà kẹ́yìn.

"Tí n ò bá wọlé, Hong Kong ni mò ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, bíi ti ìyá mi," ló wí.

Ẹlòmíì ì bá lé e síta. Ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ yìí ti ṣe ìdánwò yẹn rí nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú nígbà náà, ẹ sì wo aṣọ tó wọ̀ lónìí. Ó dé fìlà ẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ náà.

Ìyá Àgbà Pacing, ìyá bàbá Mayumi, ń fẹ́ná nígbà tí wọ́n délé. "Crisanto ọmọ Ising, o ò tíì jẹun. Jókòó." Ó bu ìrẹsì fún un, ó sì fi ẹja gbígbẹ lé e.

"Ẹyin ńkọ́, Mama?"

"Adìyẹ ò yé."

Lẹ́yìn fèrèsé, adìyẹ mọ́kànlá ń ké bí adìyẹ ṣe máa ń ké tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Inspẹ́kítọ̀ wo fèrèsé, ó jẹ ẹja ẹ̀.

Ó yẹ ilé wò. Fèrèsé ò fọ́, ajá ò sì gbó láti àná. Pẹ́ńsùlù mẹ́fà tí fáda ti wọ́n omi àdúrà sí ṣì wà lórí tábìlì, ẹnu wọn mú ṣóńṣó. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan ti gbẹ mọ́ orí àtẹ̀gùn. Ní pálọ̀, àwòrán ẹni mímọ́ márùn-ún tò sórí pẹpẹ. Òdòdó iwájú mẹ́rin ti rọ, ti Santa Kílárà nìkan ló tutù yọ̀yọ̀.

"Ta ló ti rí inú ìwé náà rí?" Inspẹ́kítọ̀ bi Mayumi.

"Kò sẹ́nì kankan. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi í sí. Ojú ń tì mí."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ayé ti bàjẹ́. Irú olè wo ló máa jí àṣìṣe igba ó lé mẹ́rìnlá ọmọ ọlọ́mọ?"

Jhunel, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mayumi, tóun náà ń ṣe ìdánwò lọ́la, dùbúlẹ̀ sínú àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò. Ó fi ìwé bojú.

"Kí lò ń ṣe láti àárọ̀?"

"Mò ń kàwé, ọ̀gá."

"Pẹ̀lú ojú dídì?"

"Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀." Ó dìde jókòó. "Ẹ má fura sí mi o. Kí ni màá fi àṣìṣe ẹlòmíì ṣe? Tèmi ṣì wà nílẹ̀ tí n ò tíì ṣe."

Wọ́n lọ bá Tíṣà Teodulo, tó ń kọ́ àwọn ọmọ fún ìdánwò náà lókè ilé búrẹ́dì. Inspẹ́kítọ̀ ò tíì jókòó tí Tíṣà ti ń nu òógùn ọrùn.

"Wọ́n ní ọmọ yìí ń bá yín jiyàn."

"Lórí ìbéèrè kan péré. Ẹ̀rọ ń fa omi kún táǹkì ní wákàtí mẹ́rin, omi ẹ̀ ń jò tán láti ihò ìdí ẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà. Tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wákàtí mélòó ni táǹkì máa fi kún? Ó ní wákàtí méjìlá. Ìwé ìdáhùn mi ní mẹ́wàá, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo sì ti ń fi ìwé yẹn kọ́ ọmọ."

"Ta ló gbà á?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ọ̀gá, ó ju èje lọ."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí, ó tún nu ọrùn.

Lójú àtẹ̀gùn, Mayumi rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé mi, ọ̀gá. Méjìlá ló ń jáde ní gbogbo ìgbà. Tó bá jáde lọ́la, ti Tíṣà ni màá mú. Èmi ni olódo, ìwé kọ́."

Nígbà tó di ọ̀sán, Inspẹ́kítọ̀ kó gbogbo wọn, títí kan Tíṣà, jọ sí pálọ̀ Ìyá Àgbà.

"Ẹni tó mú ìwé náà wà níbí," ló wí.

"Èmi kọ́," ni Jhunel wí.

"A mọ̀. Iṣẹ́ tó bá gba kéèyàn dìde, kò lè jẹ́ tìẹ. Tíṣà nídìí láti mú un, ṣùgbọ́n ajá ilé yìí ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá wá, àdúgbò á gbọ́." Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Mama, kò sẹ́ni tó rí inú ìwé yẹn. Ta ló sọ fún yín pé igba ó lé mẹ́rìnlá ni?"

Ìyá Àgbà ń tún etí aṣọ ẹ̀ ṣe.

"Adìyẹ yé, ẹ ní wọn ò yé. Ẹyin fọ́ sórí àtẹ̀gùn. Santa Kílárà nìkan ló gba òdòdó tuntun. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹyin lọ fún un, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ náà sínú ìwé kí àwọn Sista ilé ìsìn ẹ̀ lè gbàdúrà sí i. Ìwé wo lẹ kọ, Mama?"

"N ò mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Èyí ti wà ní kíkọ."

Mayumi fò dìde. "Ẹ̀yin lẹ mú un, Ìyá Àgbà?"

"N ò jalè. Mo fi ránṣẹ́ ni. Téèyàn bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé kò ní sọ ibi tó ń dùn ún? Ẹyin kan fún àṣìṣe kan ni mo fẹ́ gbé lọ, ni mo ṣe kà wọ́n. Adìyẹ wo ló máa yé igba? Mẹ́rìnlélógún ni mo rí kó jọ. Mo rò pé wọ́n á dá a padà kíá, ni Sista bá ní kí n padà wá lọ́sàn-án, pé iṣẹ́ inú ẹ̀ pọ̀." Ó fa Mayumi mọ́ra. "Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá ọmọ yìí ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó tó gẹ́ẹ́. N ò fẹ́ kí eléyìí náà lọ."

Gbogbo wọn jọ lọ sí ilé ìsìn náà. Àwọn Sista Santa Kílárà kì í jáde, ẹnikẹ́ni kì í sì í rí ojú wọn. Àpótí onígi kan tó ń yí ló wà lára ògiri, òun ni wọ́n fi ń gba nǹkan, òun ni wọ́n fi ń dá a padà. Inspẹ́kítọ̀ kan ògiri. Àpótí náà yí, ìwé búlúù jáde pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pupa láàárín ẹ̀. Sista Asela, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò kó tó wọ ilé náà, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

"Igba ó lé mọ́kànlá ni ọmọ náà ti tún ṣe fúnra ẹ̀. Àdúrà wo ló kù níbẹ̀? Mẹ́ta tó kù, ìbéèrè kan náà ni, kò sì ṣì í rárá. Wákàtí méjìlá ni. Ta ni tíṣà ẹ̀?"

Tíṣà ń wo bàtà ẹ̀. "Èmi ni, Sista."

"Mo mọ ohùn yẹn. Teodulo, ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àdúrà tòní, tìẹ ni."

Mayumi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà láyà, ó ń sunkún. Ìyá Àgbà fi etí aṣọ nù ún lójú. Inspẹ́kítọ̀ pàṣẹ fún un pé kó lọ sùn.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, Inspẹ́kítọ̀ ń darí ọkọ̀ lẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò. Ìyá Àgbà dúró sábẹ́ agbòòrùn, ó di ìwé búlúù náà mú. Jhunel ló kọ́kọ́ jáde, ó ní ó rọrùn. Nígbà tó pẹ́, Mayumi jáde.

"Ìbéèrè táǹkì jáde, Ìyá Àgbà."

"Ti ta lo mú?"

"Tèmi."

Ìyá Àgbà mi orí sí i, ó pa agbòòrùn dé, ó sì ké sí Inspẹ́kítọ̀ láàárín ọkọ̀. "Crisanto, wá jẹun. Adìyẹ ti yé."